Dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń tàn tó ń kú, ẹ má tíì ra òmíì
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, tí iná mítà (ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń fi eré àti epo hàn) bá ń tàn tó ń kú, ẹ má tíì sáré lọ ra òmíì ní Ládípọ̀, ọjà pátì mọ́tò l'Ékòó o. Fíùsì lẹ máa kọ́kọ́ wò, owó ẹ̀ ò tó nǹkan. Tí fíùsì bá dáa, ẹ rọra gbá orí dáṣíbọ́ọ̀dù, tó bá tàn padà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé lẹ́ẹ̀dì inú bọ́ọ̀dù ẹ̀ (òjé tí wọ́n yọ́ fi lẹ àwọn nǹkan mọ́ ọn) ló ti sán. Ẹ tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ yọ mítà yẹn jẹ́jẹ́ (ike tó ti gbó máa ń tètè kán, tèmi kán), kẹ́ ẹ gbé e fáwọn tó ń tún rédíò ṣe kí wọ́n bá yín tún lẹ́ẹ̀dì ẹ̀ jó. Mítà àlòkù tẹ́ ẹ fẹ́ rà yẹn, máìlì mọ́tò ẹlòmíì ló sábà máa ń gbé wá.