Bí Mo Ṣe Tọ Ipa Àpáta Tó Yọ́ Létí Odò Kan n'Ìbàdàn

Àpáta kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún mi, èyí tó tẹ́ gbalaja létí odò lẹ́yìn Ìbàdàn, pé kí n ya gbogbo ìlà funfun tó wà lára rẹ̀ sórí ìwé. Mo rò pé ọjọ́ kan ti tó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò.

Mo kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi odò fọ̀ ọ́, torí ẹrẹ̀ ti bo ìdajì rẹ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pín in ní mítà kọ̀ọ̀kan, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Ibi ìlà àkọ́kọ́ gan-an ni mo ti ṣì í. Mo kọ ọ́ pé ibòmíràn ni nǹkan funfun náà ti ya wọbẹ̀. Ọ̀gá wa wò ó, wọ́n ní, "Tó bá jẹ́ àlejò ni, ta ló wá lé tìróò sí i létí?" Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Lóòótọ́, biotite, hóró dúdú kan tó máa ń dán nínú àpáta, tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ ti rí àwọn tó ń ṣe kúlíkúlí rí? Kì í ṣe gbogbo ẹ̀pà ló ń di òróró. Wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á pò ó, wọ́n á fún un títí òróró á fi jáde. Èyí tó kù ni wọ́n ń dín. Bẹ́ẹ̀ ni àpáta ṣe níbi tó jìn tó kìlómítà 20 sí 30, tí ooru bá ti tó bíi 700 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Quartz àti feldspar, àwọn hóró tí àwọ̀ wọn mọ́lẹ̀ nínú àpáta, ló ń tètè yọ́, níbi tí hóró kan ti kan èkejì. Omi tó há sínú mica, ìyẹn ìdílé hóró pẹlẹbẹ tí biotite wà, ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Biotite ló sábà máa ń ṣẹ́kù, òun ni tìróò yẹn. Ẹni tó ń rò pé adágún iná ló wà lábẹ́ ilẹ̀ kò tíì rí àpáta yìí.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí i bó ṣe ń rìn. Àwọn ìlà tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ ń ya wọnú èyí tó tó àtàǹpàkò, bí ìṣàn ṣe ń ya wọnú odò. Níbi tí àpáta ti ṣẹ́po bí aṣọ, funfun náà gbá jọ síbẹ̀: bí ayé ti ń fún un látẹ̀gbẹ́, ibi tó dẹ̀ ló ń sá lọ. Ó fúyẹ́ ju àpáta tó yí i ká, ìyẹn ló fi ń gòkè. Ṣùgbọ́n ó ki, àfi kó kó ara jọ kó tó lè rìn jìnnà. Irú rẹ̀ tó gòkè ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 600 ọdún sẹ́yìn, tó sì tutù kó tó yọjú, ló di gírànáìtì Òkè Ìdànrè.

Ìlà tó fẹ̀ jù, tó ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, gé gbogbo ìyókù kọjá, ó sì wọnú odò. Mo bọ́ bàtà, mo tọ̀ ọ́ títí omi fi dé orúnkún mi. Níbẹ̀ ni mo ya ọfà kékeré kan sórí ìwé.