Bí tẹ́rápísìtì wa ní Amẹ́ríkà ṣe lè wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn tó ń gba owó kékeré

Ẹ̀yin tẹ́rápísìtì wa tẹ́ ẹ ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí ìdààmú ọkàn ní Amẹ́ríkà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ tiyín sílẹ̀, ìbéèrè yìí ò kúrò lẹ́nu yín: báwo lèèyàn ṣe ń wọ àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń bá àwọn tí owó wọn ò tó wá tẹ́rápísìtì, ṣé wàhálà ẹ̀ sì tó nǹkan? Ó dáa kéèyàn wọ̀ ọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ kọ fọ́ọ̀mù, torí fọ́ọ̀mù yẹn gan-an ò le, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ti parí kẹ́ ẹ tó dé ìdí ẹ̀ ló pọ̀.

Èyí tí mo máa fi ṣàpẹẹrẹ ni Open Path Psychotherapy Collective, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù, nonprofit ni, tẹ́rápísìtì wọn sì wà káàkiri àwọn ìpínlẹ̀. Bó ṣe ń lọ nìyí: ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì, tàbí tó ní in àmọ́ tí deductible ẹ̀, ìyẹn owó tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ san fúnra ẹ̀ kí ìnṣọ́ránsì tó dá sí i, ga débi pé kò yàtọ̀ sẹ́ni tí kò ní, á san $65 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti di mẹ́ńbà, á wá lọ wo orúkọ àwọn tẹ́rápísìtì lórí sáìtì wọn, tó bá rí yín tó fẹ́ràn yín á pè yín, ẹ̀yin méjèèjì á sì jọ fẹnu kò sí iye tá á máa san, láàárín $40 sí $70 fún ẹnì kan, ó lè dé $80 fún tọkọtaya tàbí ẹbí, tó bá sì jẹ́ ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣì ń ṣe intern, $30. Ọwọ́ yín tààrà ló máa sanwó sẹ́ṣọ̀n sí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní yọ nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn iye yìí ti yí rí o, wọ́n ṣì lè yí, ẹ máa yẹ sáìtì wọn wò kẹ́ ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá àwọn kan dúró lẹ́nu ọ̀nà ná. Tó bá jẹ́ H-1B, físà iṣẹ́ yẹn, lẹ fi ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù tàbí ibòmíì, iṣẹ́ ẹni tó ṣe ìwé yẹn fún yín nìkan ni wọ́n gbà yín láyè láti ṣe. Kẹ́ ẹ wá máa gba $50 lọ́wọ́ kiláyẹ́ǹtì lálẹ́ Thursday, iṣẹ́ tí wọn ò fún yín láṣẹ ẹ̀ nìyẹn, bó ti wù kówó ẹ̀ kéré tó, ìmígíréṣọ̀n ò sì ní bi yín bóyá àánú ló ṣe yín. Ẹ dúró de green card, tàbí kẹ́ ẹ lọ rí lọ́yà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lábẹ́ supavísọ̀n náà, tí ẹlòmíì ṣì ń bójú tó iṣẹ́ yín, ẹ ò lè dá a ṣe, ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ súpáfáísọ̀ yín kọjá, kẹ́ ẹ sì wo òfin board ìpínlẹ̀ yín, àwọn tó ń fún tẹ́rápísìtì ní láìsẹ́ǹsì, bóyá ẹ tiẹ̀ lè máa gbowó lórúkọ ara yín.

Ó ku ẹ̀yin tí ìwé yín pé. Wọ́n máa béèrè láìsẹ́ǹsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á béèrè malpractice insurance, ìnṣọ́ránsì tó ń gbà yín tí kiláyẹ́ǹtì bá fẹ̀sùn àṣìṣe kàn yín, èyí tó wọ́pọ̀ ni ti mílíọ̀nù kan dọ́là fún ẹ̀sùn kan àti mílíọ̀nù mẹ́ta fún ọdún kan. Ibi tó ti máa ń há fún àwa Yorùbá ni orúkọ. Oluwaseun ló wà lórí láìsẹ́ǹsì, Seun ló wà lórí ìnṣọ́ránsì, orúkọ ọkọ ló wà lórí dígírì, orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé ọkọ̀, nígbà tẹ́ni tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò bá lọ sórí sáìtì board tó tẹ orúkọ yín tí kò rí nǹkan kan, ẹ̀yìn ni fọ́ọ̀mù yín máa wà. Ẹ tún un ṣe kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ mú èyí tó wà lórí láìsẹ́ǹsì, ẹ fi kọ gbogbo ìyókù. NPI náà, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn oníṣẹ́ ìlera, tẹ́ ẹ ò bá tíì ní, ọ̀fẹ́ ni lórí NPPES, sáìtì tí wọ́n ti ń gbà á, kò gba àkókò, ó sì máa wúlò tí kiláyẹ́ǹtì bá ní kẹ́ ẹ fún òun ní superbill, ìwé tó máa fi béèrè owó padà lọ́wọ́ ìnṣọ́ránsì ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù, ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀ nìyí torí ibẹ̀ ni mo ti rí tó ń wó lu àwọn èèyàn. Ká ní $150 lẹ ń gbà gangan, ẹ wá sọ pé ẹ máa gba mẹ́ta nínú àwọn kiláyẹ́ǹtì yín ní $50. $300 lẹ fi sílẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Tẹ́ ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 48 lọ́dún, $14,400 nìyẹn, owó ilé oṣù mélòó kan ni ládùúgbò yín? $50 yẹn alára ò ní dé ọwọ́ yín ní odidi, self-employment tax, owó orí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara ẹ̀, wà níbẹ̀, 15.3% ni, owó orí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ tún ń bọ̀ lẹ́yìn, owó sọ́fítíwíà tẹ́ ẹ fi ń kọ nóòtì, owó ọ́fíìsì. Àwọn kan máa ń rò pé àwọn á yọ $100 táwọn fi jìn yẹn kúrò nínú owó orí bí ọrẹ àánú. Rárá o. IRS, àwọn tó ń gba owó orí ìjọba àpapọ̀, kì í ka àkókò èèyàn tàbí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ sí ọrẹ. Mi ò sọ èyí kẹ́rù lè bà yín, àmọ́ téèyàn bá ń sunkún, ó yẹ kó máa ríran. Àyè kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, tó bá pọ̀ jù kó jẹ́ méjì. Àwọn kan máa ní ahun ni yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Ẹni tó gba márùn-ún lẹ́ẹ̀kan tó wá ń wá bó ṣe máa já mẹ́ta sílẹ̀ lóṣù kẹrin, àwọn kiláyẹ́ǹtì yẹn ló ṣe ní jàǹbá, torí ọ̀pọ̀ wọn ti gbọ́ "má bínú, kò sáyè" lẹ́nu èèyàn tó pọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Èwo nínú wákàtí yín lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi sílẹ̀? Ohun tí mo sábà máa ń rí ni pé èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni wọ́n ń fún wọn, Tuesday aago méjìlá ọ̀sán. Ta ló fẹ́ kúrò ní warehouse aago méjìlá ọ̀sán? Ẹ wo àwọn obìnrin wa tó ń ṣe CNA, olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ní Maryland, ẹlòmíì nínú wọn parí iṣẹ́ alẹ́ ní aago méje àárọ̀, ó sì ní dọ́bù ṣífìtì lọ́jọ́ kejì. Inú mọ́tò nìkan ló ti lè bá yín sọ̀rọ̀, níwájú ibi iṣẹ́, kó tó wakọ̀ lọ sílé lọ bá àwọn ọmọ, pẹ̀lú scrubs lọ́rùn, tí fóònù ń jó lọ sí 10%. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni tiẹ̀. Àyè kan ṣoṣo tó bọ́ sí aago mẹ́jọ àárọ̀ tàbí mẹ́jọ alẹ́ sàn ju mẹ́ta tó bọ́ sí ọ̀sán gangan, èrò tèmi nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà.

Ó wá ku pùròfáìlì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ pé ẹ ń pèsè "safe space", gbogbo wọn ló kọ ọ́. Ẹ kọ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n bá ṣiṣẹ́, bí ẹ ṣe máa sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n yín lórí fóònù: mo máa ń bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ sọ̀rọ̀, àwọn tó ń fowó ránṣẹ́ sílé tí kò tó ẹnikẹ́ni, àwọn tí òbí wọn kú ní Nàìjíríà tí wọn ò lè lọ sin wọ́n torí ìwé. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yẹn kàn máa mọ̀ pé òun ló ń bá wí. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè èdè, ẹ tẹ Yorùbá, àmọ́ tó bá ti jẹ́ Yorùbá ẹ káàárọ̀ ẹ kúulé nìkan lẹ gbọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi Yorùbá sunkún máa bá yín dé ibi tẹ́ ẹ ò ti ní lè tẹ̀ lé e.

Tí wọ́n bá gbà yín wọlé, ẹni àkọ́kọ́ máa pè, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Á ní òun mọ̀ pé owó òun kéré, ẹ má bínú ma. Ẹ má jẹ́ kó bá a lọ. Ẹ bi í ní iye tó máa lè san lọ́sẹ̀ tówó ilé bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kì í ṣe iye tó wù ú kó san, torí àwọn èèyàn wa lágídí, wọ́n á ní $70 kójú má bàa tì wọ́n, tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta wọn ò ní wá mọ́, wọn ò sì ní gbé fóònù. Mo máa ń fẹ́ $45 tó dúró ju $70 tó sá lọ. Ẹ jọ fi ọjọ́ sí i, bóyá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tẹ́ ẹ máa jọ tún un wò, ẹ sì ka àdéhùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé owó sókè kọjá iye tí wọ́n dá. Ẹ bi í bóyá ó ní ìnṣọ́ránsì ìjọba pẹ̀lú, Medicare tó wà fún àwọn àgbàlagbà, tàbí Medicaid tó wà fún àwọn tówó wọn ò tó. Láti January 1, 2024 ni Medicare ti ń gba àwọn counselor àti marriage and family therapist, torí náà tẹ́ ẹ ò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, tẹ́ ẹ ò sì tíì opt out, ìyẹn kẹ́ ẹ kọ̀wé pé ẹ ò bá wọn ṣe, ẹ ò kàn lè máa gba kéèṣì lọ́wọ́ ẹni tó ní in. Tẹ́ ẹ bá wà lórí panel, ìyẹn orúkọ àwọn tẹ́rápísìtì tó bá ìnṣọ́ránsì tí kiláyẹ́ǹtì yìí ń lò ṣàdéhùn, ẹ lọ ka kọ́ńtíráàtì yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ wọ́n sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ dá iye tiyín.

Good Faith Estimate náà ò gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀. Láti January 1, 2022 lòfin No Surprises Act ti ní ẹni tó ń san owó ara ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé tó sọ iye tó ṣeé ṣe kó ná an, tó bá sì jẹ́ pé owó tẹ́ ẹ gbà fi $400 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju ohun tẹ́ ẹ kọ lọ, ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ kí wọ́n bá yín yanjú ẹ̀. Ẹni tó ń san $50 náà wà níbẹ̀. Ojú ewé kan ni, ẹ kọ ọ́.

Lórí fóònù àti sísanwó: gbogbo wa la wà lórí WhatsApp, wọ́n sì máa fẹ́ fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí yín laago méjì òru. Ẹ má gbà á. HIPAA, òfin tó ń dáàbò bo àṣírí ìlera èèyàn, fẹ́ kí ilé iṣẹ́ tó bá ń gbé ọ̀rọ̀ kiláyẹ́ǹtì yín fọwọ́ sí BAA pẹ̀lú yín, àdéhùn pé wọ́n á pa àṣírí yẹn mọ́, Google Workspace máa fọwọ́ sí i, àwọn pẹpẹ fídíò tó wà fún ìlera náà máa fọwọ́ sí i, WhatsApp ò ní ṣe é. Tẹ́ ẹ bá ń gbowó lórí Venmo, áàpù tí wọ́n fi ń fowó ránṣẹ́, ẹ wo settings: tí kò bá sẹ́ni tó yí i padà, gbogbo ayé lè máa rí ẹni tó sanwó fún yín. Tó bá sì di ọ̀rọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ ṣe ara ẹ̀ léṣe lóru, wọ́n gbọ́dọ̀ ti mọ 988, nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ pa ara ẹ̀, lẹ́nu yín láti sẹ́ṣọ̀n àkọ́kọ́, owó kékeré ò sọ ojúṣe yín di kékeré.

Ohun táwọn òyìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ò ní bá yín sọ ni ti òde. Ìlú wa kéré níbí. Ẹni tó sunkún lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Wednesday, ẹ máa pàdé ẹ̀ níbi òkú ìyá ẹnì kan ní Houston lọ́jọ́ Saturday, ẹ̀yin méjèèjì wọ aṣọ ẹbí kan náà. Wọ́n kọ́ wa níléèwé pé ká má kí kiláyẹ́ǹtì lóde àfi tó bá kọ́kọ́ kí wa. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí kiláyẹ́ǹtì bá ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún tẹ́ ẹ wá rìn kọjá lára ẹ̀ bí ẹni tí kò rí i, ẹ ti bú u nìyẹn, gbogbo tábìlì ló sì máa rí i. Torí náà ẹ sọ ọ́ kó tó ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́: "Mummy, tá a bá pàdé lóde, ẹ má bínú, mi ò ní wá kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ kí mi tó bá wù yín, tẹ́ ẹ bá kí mi, màá kí yín dáadáa, tẹ́nikẹ́ni bá bi mí níbi tí mo ti mọ̀ yín, mi ò ní dá a lóhùn." Ọ̀pọ̀ wọn á rẹ́rìn-ín, ara á sì tù wọ́n. Ẹni tẹ́ ẹ jọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tàbí ẹgbẹ́ kan náà, ẹ má gbà á rárá, bí pásítọ̀ tiẹ̀ pè yín fúnra ẹ̀, ẹ wá ẹlòmíì fún un nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn.

Tí December bá dé, wọ́n á lọ sílé. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ láti Lekki, wíwáìfáì dáa. Ibi tí kiláyẹ́ǹtì bá jókòó sí ni òfin máa wò, láìsẹ́ǹsì Texas ò sì gbé yín dé Èkó, ìnṣọ́ránsì yín náà lè má bá yín débẹ̀. Ẹ ti jọ sọ ọ́ láti November: ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa lò, ta ló máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ọjọ́ wo lẹ máa jọ bẹ̀rẹ̀ padà, àti pé ẹ ò ní gbé àyè ẹ̀ fún ẹlòmíì.

Tí àyè yín bá kún, ẹ lọ pa pùròfáìlì yín dé lọ́jọ́ yẹn gan-an, kéèyàn má bàa máa pe nọ́ńbà tí kò ní gbé e. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kúrò nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, orúkọ yín lẹ ń yọ, kì í ṣe àwọn kiláyẹ́ǹtì tẹ́ ẹ ti gbà. Ẹ parí tiwọn lówó tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí, tàbí kẹ́ ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ tó tó pẹ̀lú orúkọ tẹ́rápísìtì mélòó kan tẹ́ ẹ ti pè fúnra yín, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ṣì láyè.