Iná Airbag Kò Kú: Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ̀ Bóyá Sẹ́ńsọ̀ Ló Bàjẹ́ Lóòótọ́

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí ON, ẹ má tíì sítáàtì rẹ̀. Iná pupa kan tó ní àwòrán ẹni tó jókòó, tí nǹkan roboto wà níwájú rẹ̀, á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 6, á sì kú fúnra rẹ̀. Tí kò bá kú, tàbí tó tún padà tàn lójú ọ̀nà, ó ti rí àbùkù, ó sì ṣeé ṣe kí airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń dáàbò bo ẹni tó jókòó, má tú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Èyí tó burú jùyẹn lọ ni iná tí kò tàn rárá. Nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti ní jàǹbá kó tó dé, àwọn kan á yọ gílóòbù rẹ̀, àwọn mìíràn á so wáyà rẹ̀ mọ́ iná ọ́ìlì kí méjèèjì lè jọ máa kú. Kò ṣòro láti tú àṣírí wọn: ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ ní ON fún ìṣẹ́jú kan. Ti ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le á ti kú. Èyí tí wọ́n so mọ́ ti ọ́ìlì á wà níbẹ̀ títí ẹ́ńjìnì yóò fi jí, lẹ́yìn náà ni á wá pòórá.

Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì á ti sọ pé “sẹ́ńsọ̀ ló kú” kí wọ́n tó yọ kọnẹ́kítọ̀ kan ṣoṣo wò. Sẹ́ńsọ̀, ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, kì í sábà kú lásán. Wáyà tó já, ẹsẹ̀ kọnẹ́kítọ̀ tó dípẹtà àti clock spring tó wà lẹ́yìn sítíárìn ló máa ń dá wàhálà yìí sílẹ̀ jù, nítorí náà ẹ má tíì gba ọjà Ládípọ̀ lọ ra sẹ́ńsọ̀. Toyota Camry 2007 sí 2011, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Muscle, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ètò iṣẹ́ náà jọra nínú ọ̀pọ̀ Toyota. Nọ́ńbà kóòdù ló lè yàtọ̀.

Bátìrì ni ẹ kọ́kọ́ wò. Tí agbára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, iná airbag lè tàn láìsí kóòdù (nọ́ńbà àbùkù tí ọkọ̀ ń tọ́jú pamọ́) kankan nínú ọkọ̀, ó sì máa ń kú nígbà tí agbára bá padà. Bátìrì tó yó máa ń fi bíi fóòtì (volt) 12.6 hàn nígbà tí ẹ́ńjìnì kò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn náà, kóòdù. Síkánà kékeré olówó pọ́ọ́kú tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀ kì í sábà rí ju kóòdù ẹ́ńjìnì lọ, ìyẹn àwọn tó fi P bẹ̀rẹ̀. Kóòdù airbag fi B bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹ wá síkánà tó lè wọ SRS, ìyẹn ẹ̀rọ airbag. Tí kò bá sí, Toyota fúnra rẹ̀ lè fi iná sọ ọ́ fún yín. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, kí ẹ wá fi wáyà tín-ín-rín kan so ẹsẹ̀ 4 mọ́ ẹsẹ̀ 13 ní ihò síkánà tó wà lábẹ́ sítíárìn. Ẹ ka ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́: ẹsẹ̀ 16 ti bátìrì wá tààrà, tí ẹ bá fi so mọ́ 4, nǹkan á jó. Iná á máa ṣẹ́jú. Tó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀marùn-ún, tó sinmi díẹ̀, tó wá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, 51 nìyẹn. Tó bá ń ṣẹ́jú lọ láìdúró, ní ìwọ̀n kan náà, kò sí kóòdù.

Nínú Camry yìí, 13 ni B1610, sẹ́ńsọ̀ iwájú lápá ọ̀tún. 14 ni B1615, ti apá òsì. Ojú ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ni a fi ń mọ ọ̀tún àti òsì, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì. 51 ni ọ̀nà iná airbag awakọ̀: B1800 tí wáyà méjèèjì bá kanra, B1801 tó bá já. 31, B1000, sì ń tọ́ka sí ọpọlọ gbogbo ẹ̀rọ náà, tí àwọn rìwáyà ń pè ní brain box, tó wà láàárín lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ kọ kóòdù sílẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́.

Kí ọwọ́ yín tó kan kọnẹ́kítọ̀ yẹ́lò kankan, ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ orí bátìrì tó ní àmì −, kí ẹ sì dúró. Toyota ní ìṣẹ́jú-àáyá 90, nítorí ọpọlọ airbag máa ń tọ́jú iná pamọ́ kó lè tú airbag bí bátìrì bá tilẹ̀ já nínú jàǹbá. Ẹ kúkú dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún fẹ́ yọ nǹkan, ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì fi mítà wọn ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) lórí airbag fúnra rẹ̀ láéláé: iná bíńtín tí mítà ń tú jáde lè tó láti yìn ín. Airbag tí ẹ bá yọ, ojú rẹ̀ tó lẹ́wà ni kó kọ sókè nílẹ̀. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ bolẹ̀ tó sì tú, á fò bí òkò.

Tó bá jẹ́ 13 tàbí 14, iwájú ọkọ̀ ni iṣẹ́ wà. Ara irin tó gba iwájú ọkọ̀ kọjá ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni wọ́n de sẹ́ńsọ̀ mọ́. Bóyá pánẹ́ẹ̀bítà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ni kí ẹ wò ṣáájú. Àṣìṣe wọn kò pọ̀, àmọ́ ọ̀kan náà ni wọ́n máa ń ṣe: wọ́n fọ́n ọ̀dà sí ibi tó yẹ kí irin kan irin, wọ́n de sẹ́ńsọ̀ pẹ̀lú ọfà rẹ̀ tó kọjú sẹ́yìn, tàbí kí wọ́n fi kọnẹ́kítọ̀ sílẹ̀ láìkì í wọlé tán. Ọfà gbọ́dọ̀ kọjú sí iwájú ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ti jábọ́, tó fọ́ tàbí tó ti wà nínú ọkọ̀ nígbà tí airbag tú, kò ṣeé tún lò.

Ẹ yọ kọnẹ́kítọ̀, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ewé tàbí funfun tó dà bí iyọ̀ túmọ̀ sí pé omi ti wọ̀ ọ́. Contact cleaner ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bébà oníyanrìn (sandpaper) ń họ ara ẹsẹ̀ kúrò. Tó bá mọ́, àyẹ̀wò tó dára jù kò ná yín ní kọ́bọ̀: ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ọ̀tún sí òsì, ẹ so bátìrì padà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí ON fún ìṣẹ́jú-àáyá 60, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ tún un kà. Tí 13 bá di 14, sẹ́ńsọ̀ ló bàjẹ́ lóòótọ́. Tí 13 bá dúró síbi tó wà, wáyà ni, tàbí, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ọpọlọ. Láti wọn wáyà, ẹ yọ kọnẹ́kítọ̀ ní ìkángun méjèèjì: láti orí dé ìdí wáyà kan kò gbọdọ̀ tó 1 ohm, láàárín wáyà àti ara ọkọ̀ sì gbọdọ̀ tó 1 megohm ó kéré tán. Mítà tí wọ́n fi ń wo ilé kò burú fún èyí.

Fún 51, ẹ tẹ họ́ọ̀nù. Tí kò bá dún, tí bọ́tìnì rédíò orí sítíárìn náà sì dákẹ́, clock spring ló ti já. Okùn pẹlẹbẹ tó ká bí ejò lẹ́yìn sítíárìn ni, ó sì sábà máa ń já lẹ́yìn tí ẹnìkan bá yọ rack (ẹ̀rọ tí sítíárìn fi ń yí táyà), tó jẹ́ kí sítíárìn máa yí lófìfo. Láti rí i dájú, ẹ yọ airbag (sukúrúù Torx T30 méjì ló dè é mọ́ sítíárìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì), kí ẹ sì ki resistor (ẹ̀rọ kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́) bíi 2 ohm bọ kọnẹ́kítọ̀ dípò rẹ̀. Toyota fúnra rẹ̀ ń lo irinṣẹ́ 2.1 ohm. Tí kóòdù bá lọ, airbag ló ní àrùn. Tí kò bá lọ, clock spring tàbí wáyà ni. Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: irin kékeré wà nínú kọnẹ́kítọ̀ yẹ́lò tó máa ń so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ nígbà tí ẹ bá yọ ọ́, kí airbag má bàa tú lójijì. Ìdí nìyẹn tí mítà fi máa ń pariwo pé wáyà kanra níbi tí kò ti kanra. Ẹ fi bébà tẹ irin yẹn sẹ́yìn kí ẹ tó wọn ọ́n.

Tí ẹ bá ń fi clock spring tuntun sí i, táyà iwájú gbọ́dọ̀ kọjú síwájú gbọnrangandan. Ẹ fi ọwọ́ yí i sí òsì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le, ẹ má fi agbára tì í, kí ẹ wá yí i padà sí ọ̀tún bí ìyípo méjì àbọ̀, títí àmì méjèèjì yóò fi dọ́gba.

Kóòdù ti ìjókòó, bíi 37 ti ìdí bẹ́líìtì awakọ̀, kọnẹ́kítọ̀ yẹ́lò abẹ́ ìjókòó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ìjókòó ṣe ń lọ síwájú sẹ́yìn ló ń fa wáyà rẹ̀, omi àgbàrá tó bá wọ ọkọ̀ á sì parí ìyókù.

31 lẹ́yìn jàǹbá túmọ̀ sí pé ọpọlọ ti kọ ìtàn ìkọlù náà sí ara rẹ̀. Toyota ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ fi ti ọkọ̀ mìíràn tí nọ́ńbà ara rẹ̀ kò bá dọ́gba, bí ó tilẹ̀ wọ ihò rẹ̀ dáadáa. Corolla 2011 sí 2019 ní tirẹ̀ lọ́tọ̀: ní 2020, Toyota pè wọ́n padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé ariwo iná nígbà ìkọlù lè ba ọpọlọ náà jẹ́.

Resistor tí a fi ṣàyẹ̀wò yẹn ni àwọn ọ̀dàlẹ̀ ń fi sílẹ̀ síbẹ̀ títí ayé, tí síkánà á fi máa sọ pé kò sí kóòdù nígbà tí kò sí airbag kankan nínú sítíárìn. Tí ẹ bá ń ra ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i wò. Ẹ sì fi nọ́ńbà VIN rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀) wá a lórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí àbùkù airbag tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, tí ooru àti ọ̀rinrin ń mú kí airbag fọ́n irin sára ènìyàn, kì í tan iná kankan.