Bí Mo Ṣe Ṣe Àkọsílẹ̀ Àwọn Ìwé Tí Mo Kà Fún Ọdún Kan

Ìwé àjákọ kan àti bírò ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé áàpù wà tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ ni wọ́n máa ń ní kéèyàn fún ìwé, ìràwọ̀ ò sì sọ nǹkan kan fún mi. Ìwé tí mo fún ní ìràwọ̀ mẹ́rin lónìí, tó bá di oṣù mẹ́fà sí i, kí ni mo fẹ́ fi mẹ́rin ọ̀hún ṣe?

Mo fa ìlà sójú ewé: ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí mo parí, àkọlé, òǹkọ̀wé, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ bó bá jẹ́ ìtumọ̀, iye ojú ewé, àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọdún yẹn o, torí ti àtúntẹ̀ ló sábà máa ń hàn ketekete.

Oríṣiríṣi ni mo fẹ́ kà, àmọ́ báwo ni màá ṣe mọ̀ pé mi ò kàn máa yí po lójú kan? Ètò tí Melvil Dewey gbé jáde fún ilé ìkàwé ní 1876 ni mo yá lò. Ó pín ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, láti 000 dé 900: ẹ̀sìn wà ní 200, sáyẹ́ǹsì ní 500, ìṣègùn, iṣẹ́ àgbẹ̀ àti oúnjẹ sísè ní 600, orin àti eré ìdárayá ní 700, lítíréṣọ̀ ní 800, ìtàn ní 900. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń kọ sétí ìlà. Kí ọdún tó dá sí méjì, 8 ti kún etí ìwé mi bámúbámú, 9 ń tẹ̀lé e, 5 ò sì sí níbẹ̀ rárá. Èmi tí mo máa ń fọ́nnu pé kò sóhun tí mi ò lè kà!

Mo wá fòfin de ara mi: nọ́ńbà kan náà ò gbọ́dọ̀ tẹ̀ léra lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin yẹn ló gbé mi dé ìdí ìwé kan lórí kòkòrò, tí mi ò bá má fọwọ́ kàn láéláé, tó sì dùn ju ọ̀pọ̀ ìtàn àròsọ tí mo kà lọ́dún náà lọ. Ètò Dewey ní wàhálà tirẹ̀ ṣá. Inú ìmọ̀ àwùjọ ló kó àlọ́ sí, ní 398.2, jìnnà sí lítíréṣọ̀. Mi ò bá a jà. Mo kọ 3 síbẹ̀, mo kọjá.

Ibi tó gbà mí lákòókò jù ni gbólóhùn ìparí. Bí mo bá ti ka ìwé tán, màá pa á dé, màá kọ gbólóhùn méjì tàbí mẹ́ta láì ṣí i wò: kí ló sọ, kí ló sì kù sí mi lọ́kàn? Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì tó fi ara rẹ̀ dán ìrántí wò, fi hàn nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ jáde ní 1885 pé kété téèyàn bá kọ́ nǹkan tán ni ìgbàgbé ń sáré jù, kó tó wá rọra. Nítorí náà, mi kì í jẹ́ kílẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú.

Ìwé tí mo pa tì náà wọlé, pẹ̀lú ojú ewé tí mo ti dúró àti ìdí rẹ̀. Ewì ni kò gbọ́ràn, torí mi kì í kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àkọlé ewì tí mo bá kà nìkan ni mò ń kọ.

Lọ́dún tuntun yìí, mo ti yọ iye ojú ewé kúrò, torí ṣe ló ń jẹ́ kí n máa sá fún ìwé tó nípọn. Ohun tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni orúkọ ẹni tó júwe ìwé náà fún mi. Nígbà tí mo wẹ̀yìn wò, ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ló wà nídìí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo gbádùn. Mo ti ní kó máa kó àkọlé wá.