Bí mo ṣe ń fi fóònù mú sítáì kó tó fò lọ

Sítáì kì í wá bá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Inú bọ́ọ̀sì BRT ló ti ń wá, láàrin Ágíríìkì ní Ìkòròdú sí Mile 12, tàbí nígbà tí mo bá ń ṣa ata ní ọjà Sábó. Ọ̀kan wà tó ṣì ń dùn mí: apá bùbá kan tí mo rí kedere lọ́kàn, bí n óò ṣe kó o jọ léjìká, bí n óò ṣe fún un lọ́rùn ọwọ́. Mo ní tí mo bá délé n óò yà á. Mo délé, èjìká nìkan ni mo rántí.

Ẹ̀yin aránṣọ ẹgbẹ́ mi, Google Keep, áàpù tí a fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ lórí fóònù, ni mo ń lò báyìí. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣì ń wá a kiri láàrin áàpù, sítáì á ti lọ. Ẹ tẹ ibi tó ṣófo lójú fóònù mọ́lẹ̀, ẹ mú Widgets (àwọn àpótí kékeré tí a fi ń gbé áàpù sójú fóònù), ẹ wá Keep níbẹ̀, kí ẹ fà á síta síbi tí àtàǹpàkò ti máa kàn án.

Ó níbi ìkọ̀wé, ó níbi àwòrán, ó sì níbi tí ẹ lè fi ìka yàwòrán. Ti ìka yẹn ni mo fẹ́ràn jù. Ìlà mẹ́ta ti tó fún ọrùn aṣọ, kò dìgbà tó bá rẹwà. Lábẹ́ rẹ̀ mo máa ń kọ ẹni tí mo rò ó fún, irú aṣọ tó máa gbà á, àti ibi tí mo wà. Ẹ má fo ibi tí ẹ wà o! “Ágíríìkì, òjò ń rọ̀, obìnrin tó wọ àdìrẹ” lásán ti tó láti gbé gbogbo rẹ̀ padà síwájú mi. Àmì ohùn lè dúró dìgbà míì.

Tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ mi, WhatsApp ni. Níbi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ ó rí orúkọ tiyín náà lókè; ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí ara yín.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń gbéra ní Èbúté, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ lójú ọ̀sà. Ẹ má dúró dè é. Keep á tọ́jú ohun tí ẹ kọ sórí fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé, á gbé e lọ sínú àkáǹtì Google yín. Fóònù tuntun tí ẹ bá fi àkáǹtì yẹn wọlé sí á tún kó o jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Mile 12, ẹ má yọ fóònù, kí wọ́n má baà já a gbà. Ẹ máa tún sítáì náà sọ lẹ́nu títí ọkọ̀ á fi rìn.

Lálẹ́, kí n tó sùn, mo máa ń lẹ Label, àmì tí Keep fi ń to nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mọ́ sítáì kọ̀ọ̀kan: ìyàwó, ọmọdé, ọkùnrin. Èyí tí kò bá tíì dá mi lójú, mo máa ń yà á sórí pépà àwòṣe lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, nígbà tí ojú mi ṣì ń rí i.