Dongóyárò Mi Tó Yọ Òdòdó Elésè Àlùkò

₦25,000 ló bá a lọ kí n tó mọ̀ pé n kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ ewé.

Ọmọ igi dongóyárò méjìlá ni mo rà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta òdòdó lójú títì, ₦1,500 lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó ẹni tó gbẹ́ ihò àti owó ìgbẹ́ adìẹ jẹ́ ₦7,000. Mo gbìn wọ́n yí ògiri ilé mi ká ní Ọbantókò, ní Abẹ́òkúta. Gbígbìn ò ní wàhálà, ẹ sáà máa bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, wọ́n ti ga jù mí lọ, mo sì ń fi wọ́n yangàn ládùúgbò. Àfi bí wọ́n ṣe yọ òdòdó, tí òdòdó ọ̀hún jẹ́ elésè àlùkò. Funfun ni ti dongóyárò.

Mo ṣẹ́ ẹ̀ka kan lọ bá ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò ní Ìtòkú. Ó wò ó fìrí, ó dá a padà fún mi. "Ọkọ mi, ẹ má fi eléyìí se àgbo fún ẹnikẹ́ni o." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ni mo bá kọ̀wé sí àbúrò ìyàwó mi lórí WhatsApp, òun ló kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewéko ní yunifásítì. Ibẹ̀ ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Bọ̀dá mi, ṣé ewé ẹ̀ dojú kọra lára ẹ̀ka ni, àbí ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì?" Mo wò ó, méjì méjì ni wọ́n dojú kọra. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní kì í ṣe dongóyárò nìyẹn, kò tilẹ̀ lè bá a tan. Pẹ̀lú irú òdòdó yẹn, ṣé kì í ṣe akòko? Akòko kẹ̀! Èmi tí wọ́n já ewé akòko lé bàbá mi lórí níṣojú mi lọ́jọ́ tó joyè! Ọjọ́ méjì gbáko la fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí, mo ń ya fọ́tò, dátà ń jó, inú ń bí mi, ó sì ń bí òun náà.

Lọ́jọ́ kẹta ló tó sọ ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ sọ: "Bọ̀dá mi, ẹ wá ibi tí ọ̀mùnú wà." Ó ní ewé tó bá jẹ́ ewé lóòótọ́, ọ̀mùnú kan á fara pamọ́ sí abíyá rẹ̀, níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka. Mo gbé awò ojú mi, mo tan iná fóònù. Ìdí ohun tí mò ń pè ní ewé, òfìfo. Mo fi èékánná tọ igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó so wọ́n pọ̀ lọ sísàlẹ̀, kò sí nǹkan kan, títí mo fi kan ẹ̀ka gidi. Ibẹ̀ ló wà, roboto, bí hóró ọkà bàbà, ó nírun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Àṣé gbogbo ohun tó gùn tó apá mi yẹn, ewé kan ṣoṣo ni! Ọmọ ewé ni mo ti ń kà láti ọjọ́ yìí. Àwọn ewé gan-an ò sì dojú kọra rárá, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì ni.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ ti parí. Ewé dongóyárò pín lẹ́ẹ̀kan péré: ọmọ ewé tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì igi ewé. Tèmi pín, ó tún pín, ọmọ bí ọmọ. Melia azedarach ni, mọ̀lẹ́bí dongóyárò, májèlé sì ni èso rẹ̀ fún ènìyàn. Ọmọdé mẹ́ta ló wà nílé mi! Ohun tó tù mí nínú díẹ̀ ni pé Linnaeus fúnra rẹ̀, ọ̀gá onímọ̀ ewéko ayé àtijọ́, pe àwọn méjèèjì ní Melia lọ́dún 1753, ó sì di 1830 kí wọ́n tó fún dongóyárò ní orúkọ Azadirachta indica.

Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá má fi ìrọ̀lẹ́ kan gbáko yẹ etí ewé wò. Eyín bí eyín ayùn wà létí àwọn méjèèjì, kò yanjú nǹkan kan. Ẹ má sì já ewé kan lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ka ni kẹ́ ẹ ṣẹ́, tòun tòdòdó tàbí èso.

Ní báyìí, kò sẹ́ni tó lè fi ewé tàn mí. Ewé ẹ̀gẹ́ pín bí ìka ọwọ́, síbẹ̀ ewé kan ni, torí àwọn ìka náà lẹ̀ mọ́ra nídìí; ti àràbà ló pínyà títí dé ìdí, ọmọ ewé nìyẹn. Ẹ̀fìnrìn ní tiẹ̀ dojú kọra lóòótọ́. Ẹ fi ìka méjì yí igi rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ní igun mẹ́rin. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kóun fi ẹ̀fìnrìn òun se ọbẹ̀.

Mo gbé ẹ̀ka náà padà lọ bá ẹni tó tà á fún mi. Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, dongóyárò òyìnbó nìyẹn." Kò dá kọ́bọ̀ padà.

₦10,000 ni mo tún san fún ẹni tó gé wọn. Láàárọ̀ yìí, kùkùté mẹ́rin ti ń yọ ọ̀mùnú.