Ibi tí fókọ́ọ̀sì lẹ́ńsì mi ti ń ṣáko lọ

Lẹ́ńsì 50 mm kan wà lọ́wọ́ mi, irú Sonnar àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún kámẹ́rà Contax, tí mo fi àdápítọ̀ dè mọ́ kámẹ́rà fíìmù Leica M3. Ní f/1.5, tí ihò lẹ́ńsì ṣí gbayawu, bí mo bá fi rangefinder (awò inú kámẹ́rà tó ń fi àwòrán méjì tó ń bọ́ lé ara wọn wọn bí nǹkan ṣe jìnnà tó) mú ẹyinjú ẹni tó jókòó níwájú mi, irun ẹ̀bátí rẹ̀ ló máa ń hàn kedere lórí fíìmù, ẹyinjú á ṣe bàìbàì. Mo fẹ́ mọ èwo ló jẹ̀bi, kámẹ́rà ni àbí lẹ́ńsì, kí n tó tú ìdè kankan.

Ẹni tó ń lo kámẹ́rà irú SLR kò ní irú wàhálà yìí, torí inú lẹ́ńsì gan-an ló ti ń wòran. Ojú àwa tó ń lo rangefinder kì í gba inú lẹ́ńsì kọjá. Bí a ṣe ń yí lẹ́ńsì, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa ti apá kékeré kan tó ní róólà lẹ́nu nínú kámẹ́rà. Apá yìí ló ń sún àwòrán kejì títí tí yóò fi bọ́ sórí ti àkọ́kọ́. Ohunkóhun tí lẹ́ńsì bá sọ fún un ló gbà, ì báà jẹ́ irọ́.

Mo ṣí ẹ̀yìn M3, mo sì tẹ́ gíláàsì kékeré kan tí wọ́n ti ha ojú rẹ̀ síbi tí fíìmù máa ń wà, ojú tí wọ́n ha kọjú sí lẹ́ńsì, kí àwòrán lè hàn lórí rẹ̀. Ojú irin méjì-méjì ló wà níbẹ̀. Ti inú ni fíìmù ń gùn, ti ìta ló ń gbé àwo tó ń tẹ fíìmù mọ́lẹ̀. Bí gíláàsì bá fẹ̀ débi pé ó gun ti ìta, gbogbo ohun tí ẹ bá rí lẹ́yìn náà, irọ́ ni. Àwọn kan ń lo tépù, àmọ́ tépù máa ń tẹ̀ láàárín, èmi ò fọkàn tán an. Àwọn Leica àtijọ́ tí wọ́n ń ti fíìmù bọ̀ láti ìsàlẹ̀ kò tilẹ̀ gba ọgbọ́n yìí, torí ẹ̀yìn wọn kì í ṣí. Fíìmù nìkan la lè fi dán wọn wò.

Mo fi ṣọ́tà, ìlẹ̀kùn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé, sí B, àmì tó ń jẹ́ kó wà ní ṣíṣí, mo fi wáyà há a bẹ́ẹ̀, mo gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀nà jíjìn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pẹ̀lú òpó kan tó jìnnà ju kìlómítà kan lọ. Nígbà tí mo yí lẹ́ńsì kan òpin ní àmì ∞, òpó náà mú lórí gíláàsì lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, àwòrán méjèèjì inú rangefinder sì bá ara wọn mu. Kò sí ẹ̀sùn níbẹ̀.

Mo wá gbé rúlà dagẹ̀rẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 45, ní mítà 1, mo sì gbé káàdì kan nàró síbi òdo, kí rangefinder lè rí ìlà òòró tó máa dì mú. Láti ∞ bọ̀ wá sí ìtòsí ni mo ń yí i nígbà gbogbo, kí àlàfo inú lẹ́ńsì má bàa da ìṣirò rú. Ibi tó mú jù fi díẹ̀ lé ní 4 cm lẹ́yìn òdo lórí rúlà. Níwọ̀n bí rúlà ti dagẹ̀rẹ́, a ní láti fi 1.4 pín in: ó kù bíi 3 cm.

Mo yọ ọ́, mo fi 50 mm mìíràn tí wọ́n ṣe fún Leica síbẹ̀. Orí òdo gan-an ló mú. Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà parí nìyẹn, mi ò sì fọwọ́ kan ìdè rangefinder rẹ̀. Bí mo bá yí i nítorí lẹ́ńsì kan, mo ti ba ti ìkejì jẹ́ nìyẹn.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Leica fi 51.6 mm ṣe ìwọ̀n ohun tí wọ́n ń pè ní 50. Sonnar ti Contax sún mọ́ 52.4 mm. Ní ∞, ìyàtọ̀ yìí kò ṣe nǹkan kan. Ní mítà 1, èyí tó gùn gbọ́dọ̀ jáde síwájú ní nǹkan bí 2.90 mm, ṣùgbọ́n 2.81 ni rangefinder ń retí. 0.09 mm péré ló kù, ó sì tó láti ti fókọ́ọ̀sì sẹ́yìn ní 3 cm.

Wásà tín-ín-rín lábẹ́ àkójọ gíláàsì lẹ́ńsì ló ń tún un ṣe, torí pé ó ń gbé e jìnnà sí fíìmù. Ọ̀pọ̀ ló máa sọ pé kí n fi 0.1 mm sí i. Ìyẹn á tún mítà 1 ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ní mítà 3, fókọ́ọ̀sì á bọ́ síwájú ní ohun tó lé ní 20 cm, nígbà tó jẹ́ pé f/1.5 kò fàyè gbà ju bíi 14 cm lọ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Idẹ pẹlẹbẹ 0.05 mm ni mo gé. Ní mítà 1, ó ṣì ń ṣáko sẹ́yìn díẹ̀, ó kéré sí 1.5 cm, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ààlà ohun tí f/1.5 fàyè gbà. Ní mítà 1.5, ó bọ́ sójú ibi gan-an, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń ya ojú èèyàn. Fún ọ̀nà jíjìn, níbi tí fókọ́ọ̀sì ti ń bọ́ síwájú, mo ń ti ihò lẹ́ńsì pa dé f/4.

Fíìmù ló kù, torí pé fíìmù kì í tẹ́jú bíi gíláàsì. Mo ya rúlà ní mítà 1, 1.5 àti 3, ní f/1.5 àti f/2.8. Ní f/1.5, gbogbo rẹ̀ bá ohun tí mo ṣírò mu. Ní f/2.8, ibi tó mú jù sún sẹ́yìn díẹ̀, ìwà Sonnar ni, wásà kò sì lè tún ìyẹn ṣe. Nítorí náà, tí mo bá ti ihò pa fún ojú èèyàn nítòsí, ìbú imú ni mo ń mú dípò ẹyinjú.